Àárò Erékùṣù Mêlée: Ìtàn Àríyànjiyàn Kan Láàrin Àwọn Tí Ń Gbá Géèmù Ajalèlókun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń tọpa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023 láàrin àwọn tí ń gbá géèmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sea of Thieves. Géèmù àwọn ajalèlókun ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà, àwọn tí ó ṣe é gbé erékùṣù kan láti inú géèmù àtijọ́ tí ó ti jáde láti ọdún 1990, wọ́n gbé e wọ inú òkun tiwọn, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wá ṣeré níbẹ̀. Àwọn kan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tí ó ti òkè òkun bọ̀. Àwọn mìíràn yọ ṣùtì sí i, wọ́n ní ta ni ó rán wọn níṣẹ́.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún ni ó ń sọ̀rọ̀ géèmù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ẹ bá wí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé géèmù kan wà tí ènìyàn ti lè fi èébú ṣẹ́gun ẹni tí ó mú idà lọ́wọ́. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n fi hàn mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí kà nípa rẹ̀, nítorí pé ìtàn, àlọ́ àti èébú, iṣẹ́ mi ni wọ́n. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé àríyànjiyàn ọdún 2023 kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jà á. Orí ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì dúró lé: ṣé eré lè dùn bí ẹni tí ń ṣe é kò bá lè pàdánù ohunkóhun?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, irú géèmù kan gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà tí a lè pè ní géèmù ìrìn àjò. Kì í ṣe ti ìbọn yínyìn, kì í sì í ṣe ti eré sísá. Ìtàn ni, ẹni tí ń gbá a ni ó sì ń rìn nínú ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí akọni rẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ ni yóò máa pàdé ìdènà, làákàyè ni yóò sì fi kọjá. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbì kan. Bí ajá bá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, oúnjẹ kan wà tí a lè wá fún ajá náà. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pa àlọ́ àpamọ̀ yóò mọ adùn rẹ̀. Ohun tí ó rúni lójú fún wákàtí kan á ṣàdédé ṣí payá, a ó sì máa bá ara wa wí pé, ‘Áà, èyí náà ni mi ò rí!’

Ṣùgbọ́n àléébù ńlá kan wà nínú àwọn géèmù ìgbà náà. Ikú pọ̀ jù nínú wọn. Nínú King's Quest tí ilé-iṣẹ́ Sierra gbé jáde ní ọdún 1984, bí ẹsẹ̀ akọni bá yẹ̀ sínú omi tí ó yí ààfin ká, ẹranko inú omi á pa á jẹ, ó parí nìyẹn. Bí ẹni náà kò bá tíì fi ibi tí ó bá iṣẹ́ dé pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni náà kò ní kú, ṣùgbọ́n yóò ti gbàgbé láti mú ohun kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi dé òpin kí ó tó rí i pé ọ̀nà ti dí pátápátá. Lójú tèmi, èyí dà bí kí olùkọ́ na akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà kẹta nítorí ìbéèrè tí kò bi í ní sáà kìn-ín-ní.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ron Gilbert, òṣìṣẹ́ Lucasfilm Games ní California, kò fara mọ́ ìwà yìí. Òun àti Gary Winnick ni wọ́n ṣe Maniac Mansion ní ọdún 1987, nínú èyí tí wọ́n ti kó àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, bí i ‘ṣí’, ‘mú’, ‘fún’, kí ènìyàn lè máa tọ́ka sí wọn dípò kí ó máa tẹ̀ wọ́n lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Ní ọdún 1989, Gilbert kọ àròkọ kan tí ó fi bu ẹnu àtẹ́ lu irú àwọn géèmù tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Lára ohun tí ó kọ ni pé kò yẹ kí ènìyàn kú kí ó tó mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ní ọdún 1990 ni òun pẹ̀lú Tim Schafer àti Dave Grossman wá gbé The Secret of Monkey Island jáde, ìyẹn Àṣírí Erékùṣù Ọ̀bọ, wọ́n sì fi iṣẹ́ ti àròkọ náà lẹ́yìn.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Guybrush Threepwood gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mêlée, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í mọ́ láéláé, ó ní òun fẹ́ di ajalèlókun. Àwọn àgbà ajalèlókun mẹ́ta tí wọ́n jókòó sí ilé ọtí ní kí ó ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: kí ó mọ idà í lò, kí ó mọ olè í jà, kí ó sì wá ìṣúra rí. Gómìnà erékùṣù náà ni Elaine Marley. Guybrush fẹ́ràn rẹ̀, iwin ajalèlókun kan tí ń jẹ́ LeChuck náà sì fẹ́ fi í ṣe aya. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa ni pé ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú géèmù yìí. Níbì kan, Guybrush já bọ́ láti orí òkè gíga, ìwé sì jáde lójú kọ̀ǹpútà pé ó ti kú, kí ẹni tí ń gbá a tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni Guybrush fò padà sókè, ó ní igi rọ́bà ni òun bọ́ lé lórí! Sierra ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níbòmíràn, wọ́n so ó mọ́ òrìṣà wúwo kan, wọ́n sì jù ú sínú òkun. Ọ̀bẹ àti àáké wà káàkiri ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ọ̀kankan nínú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó lè sé èémí mọ. Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Kí ó gbé òrìṣà náà mọ́ra, kí ó máa rìn lọ! Ẹni tí kò bá rí i láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Guybrush rẹ̀ á kú ní tòótọ́. Kò sí ibòmíràn tí ó ti lè kú nínú géèmù náà.

Ibo ni Gilbert ti rí àwọn ajalèlókun rẹ̀? Ó ti sọ ọ́ pé láti ọgbà ìgbádùn Disneyland ni, níbi tí wọ́n ti ṣí eré kan ní ọdún 1967. Ènìyàn á wọ ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ náà á máa gbé e lọ nínú òkùnkùn láàrin àwọn ère ajalèlókun tí ń kọrin, tí ń mutí. Gilbert ní ó máa ń wu òun kí òun sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kí òun rìn wọ inú ìlú yẹn lọ.

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀ níhìn-ín, ẹ fi ara dà á fún mi. Àwọn ajalèlókun gidi dé etíkun tiwa rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1722, Bartholomew Roberts, ọmọ ilẹ̀ Wales, wọ èbúté Ouidah, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, ó sì gba ọkọ̀ 11 tí òwò ẹrú gbé débẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi wúrà ra ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀gá ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Porcupine kọ̀, kò san. Àwọn ènìyàn Roberts dáná sun ọkọ̀ náà pẹ̀lú nǹkan bí 80 ẹrú tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní méjì méjì nínú rẹ̀. Àwọn tí ó sì bẹ́ sínú omi, ẹja apanijẹ ni ó fà wọ́n ya. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa Roberts, wọ́n sì yẹgi fún 52 nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Cape Coast, ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àríyànjiyàn ọdún 2023 tí àárò èyí ń sọ. Àárò tí ń sọ wọ́n, àárò ère Disneyland ni, èyí tí wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ kí ó tó dọ́dọ̀ wọn. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣeré mọ́. Mo kàn fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gbá a mọ̀ pé Ouidah wà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí idà àti èébú. Nínú géèmù ọdún 1990, ìjà idà kì í ṣe ti ọwọ́ yíyá. Bí Guybrush àti ajalèlókun kan bá fa idà yọ, ọ̀kan nínú wọn yóò bú èkejì, èkejì sì gbọ́dọ̀ fún un ní èsì tí ó bá èébú náà mu wẹ́kú. Bí èsì bá ṣe rẹ́gí, ẹni tí ó fọhùn ni ó borí. Bí ó bá ta kókó, yóò sún sẹ́yìn. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà ni pé díẹ̀ péré ni èébú tí ẹni tí ń gbá a mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní láti lọ pàdé àwọn ajalèlókun lójú ọ̀nà, kí wọ́n bú u, kí ó fìdí rẹmi, kí ó sì há èébú náà sórí. Ọ̀la ni yóò fi bú ẹlòmíràn kí ó lè gbọ́ èsì rẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe máa kó wọn jọ díẹ̀ díẹ̀, ìjákulẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá wá dé ọ̀dọ̀ Carla tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú idà, obìnrin yìí kò ní lo ìkankan nínú èébú tí ó ti há sórí. Tuntun ni tirẹ̀. Ẹni tí ń gbá a ni yóò ronú wá èyí tí ó bá a mu nínú àwọn èsì àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti kọ́ni fún ọdún púpọ̀, n kò sì tíì rí bí a ṣe lè ṣàlàyé ìlò èdè fún ọmọdé ju báyìí lọ. Òwe kan náà lè dáhùn ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra. Ẹni tí ó mọ òwe ni ẹni tí ó mọ ibi tí a ń pa á sí. Àwọn ọmọ tiwa mọ èyí dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń bú ara wọn lẹ́yìn ilé ìwé, bí wọ́n bá wọ kíláàsì ni wọ́n ń gbàgbé rẹ̀.

Síbẹ̀, eré tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé èdè tó bẹ́ẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Nínú Monkey Island 2, tí ó jáde ní ọdún 1991, omi kan ń ṣàn tí Guybrush fẹ́ dá dúró, ṣùgbọ́n kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi yí irin rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ó fi ọ̀bọ kan yí i, nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi orúkọ ọ̀bọ pe irú irinṣẹ́ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní London kò mọ orúkọ yẹn; sípánà ni wọ́n ń pe tiwọn bí àwa náà ṣe ń pè é. Kí wá ni ará Jámánì tàbí ará Faransé yóò ṣe? Gilbert fúnra rẹ̀ ti gbà lẹ́yìn náà pé àṣìṣe ni àlọ́ yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ọdún 2023 bá ń sọ pé àlọ́ inú àwọn ìtàn wọ̀nyí kò lórí kò nídìí, kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Àlọ́ burúkú wà láti àtijọ́. Àwọn àgbà ni ó ti gbàgbé àwọn èyí tí ó já wọn kulẹ̀.

Géèmù ìrìn àjò kò pẹ́ ní ògo. Doom dé ní ọdún 1993, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní adùn ìbọn àti ìsáré. Gilbert ti fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1992. Wọ́n ṣe ẹ̀kẹta láìsí i ní ọdún 1997, nínú èyí tí Dominic Armato ti kọ́kọ́ fi ohùn rẹ̀ ṣe Guybrush, wọ́n sì ṣe ẹ̀kẹrin ní ọdún 2000. Àwọn ènìyàn yin Grim Fandango tí Schafer ṣe ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n kò tà tó bí wọ́n ṣe rò. Ní ọdún 2004 ni ilé-iṣẹ́ náà pa géèmù ìrìn àjò kan tí wọ́n ti ń ṣe lọ́wọ́ tì, ó di àwátì. Disney ra Lucasfilm ní ọdún 2012, ó sì ti ẹ̀ka tí ń ṣe géèmù níbẹ̀ pa ní ọdún 2013. Ohun kan tí ó dùn mọ́ mi láàrin àkókò òṣì yìí ni àtúnṣe géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009. Wọ́n tún gbogbo àwòrán rẹ̀ yà, ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò tẹ̀ tí àwòrán ọdún 1990 yóò fi padà wá. Wọ́n ti mọ̀ pé ìjà ń bọ̀.

Ìjà náà sì dé, ní ọdún 2022, nígbà tí Gilbert àti Grossman padà wá ṣe Return to Monkey Island. Bí wọ́n ṣe fi àwòrán rẹ̀ hàn ni àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ kan fi ìbínú yọ, wọ́n ní èyí kọ́ ni Guybrush tí àwọn mọ̀. Èébú náà pọ̀ débi pé ní oṣù kẹfà, Gilbert ti àyè ìdásí orí ojú ewé rẹ̀ pa, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ nípa géèmù náà níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: àwọn tí ó kọ́ èébú nínú géèmù ọkùnrin yìí ni wọ́n bú u. Nígbà tí géèmù náà jáde ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ gbà pé ó dára. Guybrush tí ó ti dàgbà ni ó ń sọ ìtàn fún ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní báyìí, a lè wá sọ̀rọ̀ Sea of Thieves fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Rare, tí ó wà ní Twycross ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Microsoft sì ti rà láti ọdún 2002, ni ó gbé e jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2018. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń gbá a. Ẹni méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè jọ wa ọkọ̀ kan: ọ̀kan á di ìtọ́kọ̀ mú, ọ̀kan á máa ta ìgbòkun, ọ̀kan á máa gbọ́n omi tí ó bá wọlé. Ìṣúra tí wọ́n bá wú nílẹ̀ kì í ṣe tiwọn títí wọn yóò fi gbé e dé èbúté tí wọ́n á ti tà á. Ọkọ̀ mìíràn lè yọ sí wọn lójú ọ̀nà, ènìyàn gidi bí i tiwọn ni ó sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lè wọmi láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí ó bá kú yóò padà wá, ṣùgbọ́n ìṣúra rẹ̀ ti di ti onítọ̀hún. Ìbẹ̀rù yìí ni iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà. Bí ẹ bá mú un kúrò, ó ku omi àti ọkọ̀.

Bí géèmù náà ṣe kọ́kọ́ jáde, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò sí ohun púpọ̀ láti ṣe nínú rẹ̀. Rare dáhùn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2019 pẹ̀lú àwọn ìtàn tí wọ́n ń pè ní Tall Tales, tí ó ní àlọ́, àwòrán ilẹ̀ àti ìdẹkùn ayé àtijọ́ nínú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n mú ajalèlókun inú fíìmù Disney, Jack Sparrow, wọ inú òkun náà. Ọ̀nà ti là fún Guybrush nìyẹn. Mike Chapman tí ó jẹ́ olùdarí iṣẹ́ ọnà géèmù náà kò fi pamọ́ pé olólùfẹ́ Monkey Island ni òun láti kékeré.

Mẹ́ta ni àwọn ìtàn náà. Èkíní dé ní oṣù keje ọdún 2023, èkejì ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó bá ti ní géèmù náà kò san kọ́bọ̀ kún un. Ọ̀nà inú omi kan ni ọkọ̀ yóò gbà dé erékùṣù Mêlée, kò sì sí ọkọ̀ àjèjì tí ó lè lé wọn débẹ̀. Òru ni níbẹ̀ nígbà gbogbo, bí i ti ọdún 1990. Ilé ọtí àtijọ́ náà wà níbẹ̀, àwọn iṣẹ́ mẹ́ta padà wá, ìjà èébú padà wá, Armato náà sì tún fi ohùn rẹ̀ ṣe Guybrush. Ohun tí ó jẹ́ àwòrán pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ ti di ìlú tí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀, kí ó gun òkè rẹ̀, kí ó yíjú wo ẹ̀yìn ilé. Ohun tí Gilbert fẹ́ ní Disneyland nígbà èwe rẹ̀ gan-an nìyí: kí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó rìn wọlé.

Báwo wá ni àwọn ènìyàn ṣe gbà á? Àwọn tí ó ti gbá ti àtijọ́ ní ilé bàbá wọn kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn. Orin nìkan ti tó láti mú wọn dúró síbi tí wọ́n wà. Wọ́n ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Fún wọn, kò sí ìrìn tí ó gùn jù, nítorí pé ìrìn náà gan-an ni èrè. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn yìí náà ni a ti rí àwọn tí ó ń kùn. Àwọn kan kò tíì wa ọkọ̀ inú Sea of Thieves rí. Kí wọ́n tó rí Guybrush, wọn ní láti ra géèmù tí wọn kò fẹ́, kí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń ta ìgbòkun. Àwọn mìíràn ní akọni tí àwọn fi ń rìn kò lè fọhùn. Guybrush ni ó ń ṣàwàdà, àwọn kàn ń wò ó lẹ́nu. Nínú géèmù àtijọ́, àwọn ni Guybrush. Nínú tuntun yìí, àlejò rẹ̀ ni wọ́n. N kò rò pé ẹ̀sùn yìí kéré.

Ní apá kejì ni àwọn ajalèlókun Sea of Thieves gan-an wà, àwọn tí ó ti ń jà lórí omi náà láti ọdún 2018. Ní erékùṣù Mêlée, wọn kò rí ẹni tí wọn yóò jà lólè, ẹnikẹ́ni kò sì lè jà wọ́n lólè. Wọ́n ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀, wọ́n ń gbé ohun kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ń gbọ́ àwàdà tí wọn kò mọ ibi tí ó ti wá. Ẹni tí kò mọ igi rọ́bà, báwo ni yóò ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀? Wọ́n ń béèrè ìdí tí wọn kò fi lo àkókò náà láti ṣe ohun tuntun sí ojú òkun fúnra rẹ̀. Bí àlọ́ bá sì rú wọn lójú, wọ́n á lọ wo ìdáhùn lórí YouTube, wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á gba aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀, wọ́n á padà sójú ìjà. Mo rí irú èyí nínú kíláàsì mi. Bí mo bá pa àlọ́ àpamọ̀, ọmọ kan á ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ìdáhùn rẹ̀ fún wa.’ Bí mo bá sọ ọ́, inú rẹ̀ kò ní dùn sí i.

Àwọn ẹlẹ́kẹta wà tí a kì í sábà gbọ́ ohùn wọn: àwọn òbí tí ń bá ọmọ wọn ṣeré, àwọn tí ojora ọkọ̀ àjèjì kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn òkun náà rí. Àwọn wọ̀nyí kò ní àárò kankan fún ọdún 1990. Ohun tí wọ́n rí ní Mêlée ni ibi tí wọ́n lè dúró kí wọ́n wòye láìsí pé ẹnì kan ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 náà ni Rare ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Safer Seas, níbi tí ènìyàn ti lè wa ọkọ̀ láìsí ọkọ̀ àjèjì lójú òkun, bí owó tí yóò rí níbẹ̀ tilẹ̀ dín sí ti gbangba. Àwọn akíkanjú tún kùn sí èyí náà.

Ẹ ó rí i pé gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí, orí ohun tí Gilbert kọ ní ọdún 1989 ni wọ́n ń padà sí. Ó mú ikú kúrò kí ènìyàn lè ráyè ronú. Rare dá ewu sílẹ̀ kí ènìyàn má baà sùn lọ. Ọgbọ́n ni ti àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n omi àti epo ni wọ́n. Nínú ìjà èébú nìkan ni mo ti rí i pé wọ́n fẹ́ pò pọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè fìdí rẹmi, tí ó sì ń ti ara ìfìdírẹmi náà gbọ́n. Ìbá wù mí kí Rare jẹ́ kí àwọn tí ń gbá a máa fi èébú bá ara wọn jà lójú òkun gbangba, kí ìṣúra gidi wà nídìí rẹ̀. Wọn kò bi mí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jiyàn kò mẹ́nu bà ni ìtàn tí àwọn eré mẹ́ta náà ń sọ. LeChuck ni ó ti fi Guybrush sínú àlá kan. Nínú àlá náà, Guybrush ti di gbajúmọ̀ ajalèlókun tí ó ti ń fẹ́ láti dì láti ìgbà èwe rẹ̀, gbogbo ìlú ń yìn ín, ohun gbogbo rí bí ó ṣe wù ú kí ó rí. Kò fẹ́ jí. Iṣẹ́ àwọn tí ń gbá géèmù náà ni láti jí i. Mêlée tí ó dára tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ ń rìn káàkiri inú rẹ̀ tí wọn kò fẹ́ jáde, ẹ̀wọ̀n ni nínú ìtàn náà. N kò mọ ẹ̀yin, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí mo ronú kan ìwé àkàgboyè kan tí mo ti ń kọ́ lọ́nà kan náà láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2024, Sea of Thieves dé orí PlayStation 5, àwọn èrò tuntun sì tún wọ ojú òkun náà. Lára wọn ni àwọn tí a bí lẹ́yìn ọdún 2004, tí ó jẹ́ pé ní Mêlée yìí ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Guybrush. Bí wọ́n bá wá rí géèmù ọdún 1990 lọ́jọ́ kan, òun ni yóò jọ àfarawé lójú wọn.